Bí Ẹgbẹ́ Wa Ṣe Gba Ajá Ìlú Lọ́wọ́ Májèlé

                                        Ilé Ìtọ́jú Ẹranko,
                                        Ẹ̀yìn Ọgbà Káńsù,
                                        Ọjọ́ kọkàndínlógún, Oṣù Kẹta.

Ìyá Ìbejì, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Bàbá Ìbejì ńkọ́, ṣé ẹ̀yìn tó ń dùn ún ti ń jẹ́ kó bẹ̀rẹ̀ báyìí? Àwọn ìbejì ńkọ́? Mo gbọ́ pé wọ́n ti hu eyín, ìyá wọn ni wọ́n sì fi ń dán an wò. Fara dà á, ẹni tó bímọ ló bí eyín. Ara tèmi le, àfi ọwọ́ òsì mi tí ológbò kan fi èékánná kọ ìwé sí. Má bínú pé mi ò tètè fèsì lẹ́tà rẹ. Ajá ló fà á.

O mọ ẹgbẹ́ àwa dókítà ẹranko tí mo máa ń bú fún ọ. Mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni wá. Ó ti tó ọdún mẹ́ta tí gbogbo ìpàdé wa ò ti kọjá àríyànjiyàn lórí àwọ̀ tí àsíá ẹgbẹ́ máa ní. Alága wa ni àgbà kan tí a ń pè ní Bàbá Onímàlúù. Ogójì ọdún ló ti fi tọ́jú màlúù, ó sì gbà pé ajá kì í ṣe ẹran, ariwo ni.

Lóṣù tó kọjá, abo ajá kan tó bímọ sábẹ́ àtẹ̀gùn káńsù gé akọ̀wé àgbà ibẹ̀ jẹ ní ìdí. Kì í ṣe ẹsẹ̀ o, ìdí gan-an, apá ọ̀tún. Ọkùnrin náà ló tẹ ọ̀kan nínú àwọn ọmọ mọ́lẹ̀, tó tún wá kẹ̀yìn sí ìyá wọn. Ta ní í ṣe bẹ́ẹ̀? Kó tó di ọjọ́ kejì, wọ́n ti lẹ ìwé mọ́ ògiri: lọ́jọ́ Àìkú, káńsù máa da ẹran tí wọ́n fi májèlé sí sójú títì, kí gbogbo ajá tó ń rìn káàkiri kú tán, torí pé àrùn dìgbòlugi ti wọ̀lú.

Mo sáré lọ kó ìyá ajá àtàwọn ọmọ ẹ̀ wá sílé ìtọ́jú mi. Ajá tó bá ní dìgbòlugi nígbà tó géèyàn jẹ kì í sábà lò tó ọjọ́ mẹ́wàá kó tó kú, nítorí náà ọjọ́ mẹ́wàá la máa ń fi ṣọ́ ọ. Lẹ́yìn náà ni wọ́n pè wá sí ìpàdé pàjáwìrì. Mo rò pé ọ̀rọ̀ àsíá náà la tún fẹ́ sọ, ṣùgbọ́n Bàbá Onímàlúù dìde.

Ó ní, "Èmi ò fẹ́ràn ajá. Kò sẹ́ni tó ní ká fẹ́ràn wọn, ìtọ́jú wọn la búra fún. Májèlé máa ń jó ikùn ẹran kó tó pa á, kò sì mọ ajá yàtọ̀ sí ọmọ tó ń rákò. Abẹ́rẹ́ àjẹsára ló ń lé dìgbòlugi. Ta ló máa bá mi dé káńsù?"

Ẹnu yà wá. Èmi ni wọ́n ní kí n kọ ìwé tá a máa mú lọ, wọ́n ní ẹnu mi ló mú jù.

Àwa márùn-ún la lọ. Akọ̀wé àgbà jókòó sórí tìmùtìmù, ó fì sápá kan bí ọkọ̀ ojú omi tí wọn ò di ẹrù ẹ̀ dáadáa.

Ó bi wá pé, "Ẹran mélòó ló dìbò fún yín?"

Bàbá ní, "Kò sí. Ṣùgbọ́n kò sí èyí tó tíì já wa kulẹ̀."

Mo ka ìwé wa. Nígbà tí mo parí, mo ní, "Ọ̀gá, abẹ́rẹ́ mélòó lẹ ti gbà látìgbà tó ti gé yín jẹ?"

Ó gbójú sókè, ó ń wo àjà. Ìyá tó ń bá a tẹ̀wé ló dáhùn láti igun yàrá: "Kò gba ìkankan o. Ẹ̀rù abẹ́rẹ́ ń bà á."

Ọ̀rẹ́ mi, ẹni tó ní dìgbòlugi wọ̀lú! Bàbá bọ́ fìlà. "Ọmọ mi, tó bá ti bẹ̀rẹ̀ lára èèyàn, a jẹ́ pé kò gbóògùn mọ́ nìyẹn. Dìde." Méjì nínú wa mú un lápá, ó di ọsibítù. Abẹ́rẹ́ ò tíì kàn án tó ti ké. Ibẹ̀, pẹ̀lú ṣòkòtò lọ́wọ́, ló ti gbà pé bí ajá náà bá wà láàyè lọ́jọ́ kẹwàá, kò sí májèlé mọ́, káńsù máa yá wa ní mọ́tò tó ní ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ká fún ajá gbogbo ìlú lábẹ́rẹ́. Bó bá kú, májèlé dé.

Lọ́jọ́ keje, mo ṣílẹ̀kùn láàárọ̀, mo bá ajá náà tó ti le gbagidi, tó ń gbọ̀n, itọ́ ń dà lẹ́nu ẹ̀. Mo pe akọ̀wé ẹgbẹ́ wa. Ó ní, "Tilẹ̀kùn, má sọ fẹ́nì kankan." Mo ní mi ò lè ṣe é, ẹ̀mí èèyàn wà níbẹ̀. Mo bá pe akọ̀wé àgbà pé kó má yẹ abẹ́rẹ́ tó kàn.

Ó ní, "Dókítà, ṣé mo máa kú ni?"

"Ẹ gba abẹ́rẹ́ náà pé, sà. Ẹ má yẹ ọ̀kan."

Mo gbọ́ tó ń sunkún. Ìyá Ìbejì, láti ọjọ́ yẹn mi ò lè fi ìdí ọkùnrin náà ṣe yẹ̀yẹ́ tó bó ṣe yẹ mọ́.

Mo ránṣẹ́ pe Bàbá Onímàlúù, ó sì dé pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ tó nípọn. Ó lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń wo ajá.

"Ọmọ mélòó ló ń fún lọ́yàn?"

"Mẹ́sàn-án, sà. Wọ́n ti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta."

Ó pòṣé. "Bí àwọn màlúù mi tó ń fún wàrà ṣe máa ń ṣe nìyí! Àwọn ọmọ ti fa kálísíọ̀mù inú ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ tán ni. Lọ gbé oògùn kálísíọ̀mù wá."

A di ẹnu ajá náà. Bàbá ń fún un lómi oògùn náà sí iṣan díẹ̀díẹ̀, èmi ń fetí sí ọkàn ẹ̀. Omi ò tíì tán tí ìgbọ̀nrìrì náà fi dá. Ìrù ẹ̀ mì, ó gbá Bàbá lójúgun. Ó ní, "Ariwo." Ṣùgbọ́n ó jókòó tì í títí ó fi jẹun.

Lọ́jọ́ kẹwàá, akọ̀wé àgbà wá fojú ara ẹ̀ rí i, láti ẹ̀yìn ìyá tó ń tẹ̀wé. Ajá ń jẹun, kò tilẹ̀ wò ó. Ó mú àdéhùn ẹ̀ ṣẹ.

Sátidé àná la bẹ̀rẹ̀. Ajá irínwó ó lé méjìlá, ológbò mọ́kàndínlógún, àti ọkùnrin kan tó gbé àkùkọ wá, ó ní òun náà máa ń géèyàn jẹ. Ìyá arúgbó kan pọn ajá ẹ̀ wá torí ẹsẹ̀ ń dùn ún, ẹsẹ̀ ajá o. Mo gún ajá náà tán, ìyá ní, "Ẹ ṣeun, ọmọ mi. Ta ló rán yín sí wa?"

Mo wẹ̀yìn. Bàbá Onímàlúù ń bá ajá kan jà nítorí fìlà ẹ̀. Akọ̀wé wa ń lé àkùkọ. Mo ní, "Ẹgbẹ́ wa ni, mà," ojú ò sì tì mí rárá.

Bá mi kí Bàbá Ìbejì, kí o gbá àwọn ìbejì mọ́ra, ṣùgbọ́n ṣọ́ eyín wọn. Kí màmá náà fún mi.

Èmi ni tìrẹ láìyẹsẹ̀, bí ọwọ́ mi tilẹ̀ ń rùn bí ajá,

Dókítà Eléwúrẹ́