Àna Mi àti Àtẹ̀gùn Ọ̀kà

Ọjọ́ Ajé, 5 oṣù Kẹta, 2018

Ìjì ṣí òrùlé ṣọ́ọ̀bù mi lánàá. Òfì wà ní gbangba, kíjìpá tí mo ń hun lórí rẹ̀ rin gbingbin. Bí ìgbà òjò bá wọlé tán báyìí, iṣẹ́ parí nìyẹn. Inú mi bàjẹ́.

Rédíò ní ìgbìmọ̀ kan ní Ọ̀kà ń fún àwọn oníṣẹ́ ọnà lówó ìrànwọ́. Wọ́n ní àwọn ti ṣètò fún àwa abirùn. Ó dáa bẹ́ẹ̀.

Ìṣẹ́gun, 6

Mo dé Ọ̀kà, mo rí ètò náà. Ọ́fíìsì wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Ètò ọ̀hún ni géńdé méjì tí yóò máa pọ̀n wá gòkè. Wọ́n tilẹ̀ rán ṣẹ́ẹ̀tì tuntun fún wọn.

Èmi Ràfíátù, opó, àgbà obìnrin, kí n wà lẹ́yìn ọkùnrin ọlọ́kùnrin? Rọpárọsẹ̀ mú ẹsẹ̀ mi, kò mú ìtìjú mi lọ.

Akọ̀wé wọn — mo ti sọ ọ́ ní Baba Rúùlù, bẹ́ẹ̀ ọmọdé ni — ní alága kò lè sọ̀kalẹ̀. Rúùlù ni rúùlù, mà.

Olúyọmí agbẹ́gilére, tí ń fi ọ̀pá méjì rìn, gbà kí wọ́n pọn òun. Wọ́n gbé e dé ìdajì àtẹ̀gùn, wọ́n sọ̀ ọ́ kalẹ̀ kí wọ́n lè mí. Ibẹ̀ ló wà nígbà tí mo gbé Ràkúnmí — kẹ̀kẹ́ arọ mi — sínú ọkọ̀ Ìkàrẹ́ padà sílé.

Ọjọ́rú, 7

Mosúnmọ́lá, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, pè mí lórí fóònù, ó ń bá mi kẹ́dùn òrùlé. Mo sọ ọ̀rọ̀ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì fún un. Ó ní, ìyá, Bàbá Kareem ni alága yẹn o.

Abọ́dẹrìn. Ọkọ rẹ̀. Àna mi. Mi ò sùn dáadáa, ẹ̀rín ni.

Jímọ̀, 9

Mo padà sí Ọ̀kà. Mo ní kí Baba Rúùlù sọ fún alága pé àna rẹ̀ wà nísàlẹ̀. Mi ò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Bàtà ń dún lórí àtẹ̀gùn. Abọ́dẹrìn dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí sìmẹ́ǹtì, tòun ti agbádá funfun tó fẹ́ wọ̀ lọ kírun. Ta ní jẹ́ jókòó sókè kí àna rẹ̀ wà nílẹ̀? Ibẹ̀ náà ni ìgbìmọ̀ ti wo aṣọ mi.

Mo bi í nípa Olúyọmí. Ó ní tèmi yàtọ̀, ẹbí ni mí. Àwọn yòókù, òkè ni.

Ẹ̀n-ẹ́n.

Ọjọ́ Ajé, 12

Mo lọ kí àna mi.

Ìṣẹ́gun, 13

Mo lọ kí àna mi.

Ọjọ́rú, 14

Mo tún lọ kí i. Lónìí ó dọ̀bálẹ̀ tán, ó di ẹ̀yìn mú kó tó dìde. Ó ní àtẹ̀gùn yẹn kò dára fún ọmọ èèyàn rárá. Ó ní kí wọ́n gbé tábìlì ìgbìmọ̀ wá sísàlẹ̀, kó sì máa wà níbẹ̀. Àwọn géńdé ló gbé e. Olúyọmí ló kọ́kọ́ jókòó síwájú rẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, 22

Èsì jáde. Olúyọmí rí gbà. Èmi kò rí. Baba Rúùlù ní ẹbí alága kò gbọdọ̀ gbà, rúùlù ni rúùlù.

Mo rẹ́rìn-ín títí, mo wá sunkún. Ó dùn mí. Ọgbọ́n tí mo fi mú wọn sọ̀kalẹ̀ náà ló gbé mi ṣubú. Òjò sì ti ń ṣú.

Jímọ̀, 23

Mo pe Mosúnmọ́lá. Mo ní nílé tiwa, bí òrùlé àna bá ṣí, ọkọ ọmọ ní ń kó ẹgbẹ́ rẹ̀ wá ṣe ọ̀wẹ̀. Kó bá mi bi ọkọ rẹ̀ bóyá rúùlù ti fagi lé ìyẹn náà.

Àbámẹ́ta, 24

Wọ́n dé, pẹ̀lú páànù àti ìṣó. Abọ́dẹrìn, ìgbìmọ̀, géńdé méjèèjì. Gbogbo wọn wà lókè. Èmi àti Ràkúnmí wà nísàlẹ̀, mò ń fọwọ́ júwe.

Baba Rúùlù nìkan ló dúró nílẹ̀, ó ń bẹ̀rù àkàbà. Géńdé kan sọ̀kalẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ kó lè pọ̀n ọ́n gòkè.

Ó kọ̀. Ó ní ojú ń ti òun.