Ṣé Kí N Yọ Tọ́bò Ọkọ̀ Bàbá Mi?

Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́, ẹ sì kú àdúrótì wa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ mi. Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Ṣakí láti Adó-Àwáyè ni, n kò sì tí ì ní ẹni tí mo lè bá sọ̀rọ̀.

Ojú bàbá mi ti di bàìbàì, ni wọ́n bá fún mi ní ọkọ̀ alẹ́ńjìnnì tọ́bò tí wọ́n fi ń kó iṣu, òun ni mo sì ń wà lọ síléèwé báyìí. Nígbà tí mo wà ní kékeré, bí tọ́bò náà, ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn sínú ẹ́ńjìnnì, bá ti ń súfèé bọ̀ lókèèrè, màmá mi á gbé omi kaná. Bí Bàbá bá dé, wọn kì í tètè pa ẹ́ńjìnnì, kí tọ́bò lè kọ́kọ́ tutù. Wọ́n á ní, "Ẹ jẹ́ kó mí ná."

Èmi náà ń ṣe bẹ́ẹ̀ níbí, làwọn tá a jọ ń gbélé bá ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́: "Pa á jàre! Àbí ọkọ̀ ẹ ń kírun ni?"

Ní báyìí, tọ́bò ti ń mu ọ́ìlì. Mẹkáníìkì ní kí n yọ ọ́, kí n ra ẹ́ńjìnnì lásán tí kò ní tọ́bò. Ó ní, "Eruku Òkè-Ògùn kì í jẹ́ kí tọ́bò pẹ́ fún ẹni tó ń wakọ̀ lójoojúmọ́." Ṣùgbọ́n ti bàbá mi pẹ́.

Bí mo bá pe bàbá mi lórí fóònù, wọ́n á ní kí n ṣáná sí ọkọ̀ káwọn gbọ́ ohùn rẹ̀. Wọ́n á wá rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń wa tọ́bò lójoojúmọ́, ṣé àtúnṣe ṣì lè mú un dúró? Bí kò bá sì lè dúró mọ́, báwo ni kí n ṣe sọ ọ́ fún bàbá mi?