Bí A Ṣe Tú Ẹsẹ̀ Ọkọ̀ Yín

Màmá mi ọ̀wọ́n,

Ọwọ́ tí mo fi ń kọ lẹ́tà yìí ṣì dúdú. Mo ti fi kẹrosíìnì àti ìyẹ̀fun pákó gbo ó, bí ẹ ṣe máa ń ṣe ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé kí ẹ lè fi ọwọ́ mímọ́ wọ aṣọ funfun lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Síbẹ̀ dúdú náà wà lábẹ́ èékánná mi. Ó wù mí kí ẹ rí i.

Ọdún mẹ́ta ti kọjá tí a sin yín. Píkọ́ọ̀pù yín ṣì wà lẹ́yìn ilé ní Òkìtìpupa, níbi tí ẹ gbé e sí nígbà tí ẹsẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dùn yín tí ẹ kò lè wà á mọ́. Ẹ mọ òjò ilẹ̀ wa. Koríko ti hù yọ lábẹ́ rẹ̀, táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti jò, ìpẹtà sì ti bo àwọn nọ́ọ̀tù débi pé èèyàn kò mọ ibi tí wọ́n parí sí mọ́.

Ẹ̀gbọ́n mi Ṣọlá ti bá àwọn tó ń ra irin àlòkù sọ̀rọ̀ pé kí wọ́n wá gbé e ní Sátidé. Mi ò dá a lẹ́bi, òun ló ń rí i lójoojúmọ́. Nígbà tí mo dé láti Òǹdó, níbi tí mo ti ń ṣe tíṣà, mo bẹ̀ ẹ́ pé bí mo bá lè mú kí ọkọ̀ náà rìn kí Sátidé tó dé, kó má tà á. Ó gbà, ṣùgbọ́n mo rí i lójú rẹ̀ pé kò retí nǹkan kan.

Mo pe mẹkáníìkì kan wá láti ìgboro, Bọ̀dá Akin. Ó ní ẹ́ńjìnnì kò tíì kú, búrèkì ló gan, a sì gbọ́dọ̀ tú àwọn ẹsẹ̀ ọkọ̀ kí a tó dé ìdí rẹ̀. Ó ki páìpù gígùn bọ ìdí sípánà, ó fi gbogbo ara tẹ̀ ẹ́. Nọ́ọ̀tù kò yí. Bóòtù ló kán, ó dún pàà.

"Àbúrò, iná la máa fi gé àwọn tó kù."

"Tí ẹ bá gé wọn, ṣé a máa rí òmíràn rà?"

Ó mirí. "Ti ọkọ̀ yìí? Ó ṣòro."

Mo ní kó jẹ́ kí n gbìyànjú ná.

Màmá, ọ̀nà Ìkọ̀yà ni ọkàn mi lọ. Mi ò tíì ju ọmọ ọdún mọ́kànlá lọ. A kó kẹ́ẹ̀gì epo pupa kún ẹ̀yìn ọkọ̀, táyà jò, nọ́ọ̀tù kan sì kọ̀ kò gbà. Àwọn ọkùnrin tó ń gun ọ̀kadà kọjá ní kí ẹ lọ wá ọkùnrin. Ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ẹ kán ọ́ìlì sí ìdí nọ́ọ̀tù náà, ẹ fi òòlù kàn án wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ yí po, ẹ wá jókòó sétí ọ̀nà, a ń jẹ ẹ̀pà bí ẹni pé a kò níbi tí à ń lọ. Nígbà tí ẹ dìde, ẹ kọ́kọ́ dè é le sí i díẹ̀. Mo bi yín pé kí ló dé.

"Ó ti lẹ̀ mọ́ ibi tó wà. Jẹ́ kó kọ́kọ́ mì ná."

Lẹ́yìn náà ẹ tú u. Nígbà yẹn mo rò pé gbogbo ìyá ló mọ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀.

Kí ló wá dé tí mo fi ń tijú yín lẹ́yìn ìgbà náà? Lọ́jọ́ ìbẹ̀wò nílé ìwé girama, ẹ wa píkọ́ọ̀pù yìí wọ ọgbà wa, gíríìsì wà létí ìró yín, ẹ gbé púpurú àti ọbẹ̀ ẹja wá fún mi. Mo sá pamọ́ sẹ́yìn kíláàsì títí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi fi lọ. Nígbà tí mo jáde, ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ ṣí abọ́ fún mi, ẹ kò béèrè ibi tí mo wà. Ṣé ẹ rí mi ni? Ṣé ẹ mọ̀, ẹ kàn pa á mọ́ra? Mi ò láyà láti bi yín nígbà tí ẹ wà láàyè.

Mo ṣe é bí ẹ ṣe ṣe é. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko, láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, mò ń kán ọ́ìlì, mò ń fi òòlù kàn wọ́n, mò ń fi wọ́n sílẹ̀. Ṣọlá ń kọjá lọ, ó ń kọjá bọ̀. Ní Ọjọ́bọ̀, mo de ọ̀kan le díẹ̀, mo wá fà á padà. Ó ké kín-ín, ó sì yí. Mo jókòó sórí koríko. Nígbà tí mo gbójú sókè, Ṣọlá ti bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ó mú jáàkì dání.

Àwa méjèèjì la tú ìyókù. Méjì tún kán, ṣùgbọ́n èyí tó kù tó láti di ẹsẹ̀ ọkọ̀ mú. Nígbà tí Bọ̀dá Akin padà wá lọ́jọ́ Ẹtì, ó wo àwọn nọ́ọ̀tù tó wà nínú abọ́, ó wo ọwọ́ mi.

"Ta ló kọ́ ẹ níṣẹ́ yìí?"

"Ìyá mi ni. Òun ló ni ọkọ̀."

Mo sọ ọ́ sókè débi pé àwọn aládùúgbò gbọ́.

Bọ̀dá Akin ló tún búrèkì ṣe, ó lẹ táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó sì gbé bátìrì tuntun sí i. Láàárọ̀ Sátidé, ọkọ̀ náà wúkọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, èéfín bo àgbàlá, ẹ́ńjìnnì sì gbé ohùn. Nígbà tí àwọn oníirin dé, Ṣọlá pàdé wọn lẹ́nu ọ̀nà, ó fún wọn ní mínírà, ó ní kí wọ́n má bínú. Ó ní òun á máa fi ọkọ̀ náà kó ẹyìn láti oko.

Èmi ni mo kọ́kọ́ wà á lọ sí Ìkọ̀yà. Ẹ mọ̀ pé mo ga jù yín lọ. Ìjókòó awakọ̀ ṣì wà níbi tí ẹ fà á sí, ó sún mọ́ sítíárìn débi pé orúnkún mi ń kàn án. Irin abẹ́ rẹ̀ ti dípẹtà, kò ṣe é tì sẹ́yìn. Bọ̀dá Akin ti mú sípánà, ó fẹ́ tú u fún mi. Mo ní kó fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Mo ká orúnkún mi sókè, mo jókòó sí ibi tí ẹ máa ń jókòó sí, mo sì wà á lọ, mo wà á bọ̀.

Èmi ni,
ọmọ yín obìnrin, tó ń fi yín yangàn níbi gbogbo.