Ìwé Tí Mo Yá fún Oṣù Mọ́kànlá

Ilé Ìkàwé Abúlé,
Rosenbach,
Manitoba.
Ọjọ́ Kẹsàn-án, Oṣù Kọkànlá, 2014.

Susana, àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Ṣé àlàáfíà lẹ wà ní Toronto lọ́hùn-ún? Àwọn ọmọ ńkọ́? Orúnkún tó ń dùn ọ́ níjọ́ ìsìnkú, ṣé ó ti fúyẹ́? Mo tún kí ọ kú ọ̀fọ̀ Leni, ẹ̀gbọ́n rẹ. Yìnyín ti bo oko wa pátá, àmọ́ ara wa le.

O rí i pé mi ò jẹ́ kí ojú wa ṣe mẹ́rin níjọ́ náà. Bóyá o rò pé mo ṣì ń bínú sí ìwé rẹ ni. Rárá o, ojú ló ń tì mí.

Nígbà tí ìwé tí o kọ nípa ẹgba tí bàbá yín fi ń nà yín dé ilé ìkàwé tí mò ń tọ́jú, àwọn alàgbà ìjọ yarí. Alàgbà Penner ní, "Ẹni tó ń túdìí bàbá ẹ̀ síta, ọmọ wo nìyẹn?" Wọ́n pe lọ́yà wá láti Winnipeg kó lè bá wọn fòfin de ìwé náà. Lọ́yà ní, "Ẹ lè má fẹ́ràn ẹ̀ o, àmọ́ òfin Kánádà ò sí lẹ́yìn yín. Ó lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ tinú ẹ̀." Gbogbo wọn fajú ro. Èmi ọlọ́gbọ́n àṣejù bá ní kí wọ́n fọkàn balẹ̀. Mo fi káàdì ara mi yá ìwé náà. Bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta bá ti pé, màá tún lu òǹtẹ̀ sí i, ó tún di tèmi. Oṣù mọ́kànlá gbáko! Mò ń sọ fún ara mi pé mi ò rúfin, mi ò sì fòfin de ìwé ẹnikẹ́ni, mo kàn yá a ni. Mi ò tiẹ̀ ṣí i wò, Susana.

Leni wá lẹ́ẹ̀mẹta nítorí rẹ̀. O mọ ọkọ rẹ̀, kò ní jẹ́ kí irú ìwé bẹ́ẹ̀ wọlé, ló ṣe fẹ́ jókòó lọ́dọ̀ mi kà á.

"Neta, ìwé àbúrò mi ti dé?"

"Ó ṣì wà lọ́wọ́ ẹni tó yá a."

"Háà! Àbí ìgbín ló ń kà á ni?"

Àwa méjèèjì rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín!

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ ìsìnkú, lẹ́yìn tí a fọ àwo tán ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo jókòó kà á. Ibẹ̀ ni mo ti rí i pé ìwọ lo fọ́ ìkòkò wàrà, tí Leni ní òun ni, tó sì fi ẹ̀yìn gba ẹgba nítorí rẹ. O ní kò sọ́jọ́ kan tí o kì í dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nínú ọkàn rẹ. Mo sunkún títí ojú mi fi wú. Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn.

Mo ti dá ìwé náà padà sórí pẹpẹ. Kí Penner wá bá mi jà. Bá mi kí ọkọ rẹ àti àwọn ọmọ.

Ó ku ohun kan tí mi ò lè gbé mì. Ìgbà kẹta tí Leni wá, àìsàn ti wọ̀ ọ́ lára. Láti ìgbà tí o ti fi ìjọ sílẹ̀ tí ẹ ò ti bára yín sọ̀rọ̀ mọ́, ẹ̀rù ohun tí o máa kọ nípa rẹ̀ ló ń bà á. Kò bèèrè ìwé mọ́. Ó ní, "Neta, sọ òótọ́ fún mi. Ṣé ó bú mi níbẹ̀?"

Mo ní mi ò mọ̀. Ìwé náà wà nínú báàgì mi, lábẹ́ tábìlì tó fọwọ́ lé.

Ẹ̀gbọ́n rẹ ni mí síbẹ̀, bí o bá gbà,
Neta Wiebe.