Àṣírí Ìyàwó Rẹ̀ Ni Mo Fi Gba Lẹ́tà Master's

Mo tú àṣírí obìnrin kan nítorí lẹ́tà ilé ìwé. Admin, ẹ bá mi bo orúkọ mi. Bí wọ́n bá ti pè mí ní social worker báyìí, èmi fúnra mi ń kó ara mi nírìíra.

Monrovia ni mo ń gbé, mò ń bá àjọ kékeré kan ṣiṣẹ́ ní West Point, àwọn obìnrin tí ọkọ wọn ń lù ló ń wá sọ tẹnu wọn fún wa. Ó pẹ́ tó ti ń wù mí láti ṣe master's nínú social work. Ilé ìwé ní kí n mú lẹ́tà wá lọ́wọ́ ẹni iyì tó mọ̀ mí, mo bá lọ bá Daddy kan, alàgbà ṣọ́ọ̀ṣì wa, Yorùbá bíi tèmi, tí wọ́n ní ṣọ́ọ̀bù ní Gurley Street. Kí n padà wá lónìí, kí n padà wá lọ́la...

Àfi bí ìyàwó wọn ṣe wọ ọ́fíìsì wa lọ́jọ́ kan, ọmọ Liberia ni, kò jù mí lọ. Ó ṣí ẹ̀yìn ẹ̀ hàn mí. Ẹ má jẹ̀ẹ́ kí n sọ ohun tí mo rí. Nígbà tí mo fẹ́ máa kọ ọ́ sílẹ̀, ó fi àtẹ́lẹwọ́ bo ìwé mi, ó ní, "Sista, I hold your foot, ya. My man business." Bí wọ́n ṣe ń bẹ̀bẹ̀ níbí nìyẹn, pé kó má dé etí ọkọ òun. Mo pa bírò dé, mo ní kó fọkàn balẹ̀.

Ọjọ́ kejì mo kúnlẹ̀ síwájú Daddy, mo ní ìyàwó yín wá sọ́dọ̀ wa o, ọ̀rọ̀ ilé ò yẹ kó jáde síta, èmi ọmọ yín ti bá yín bò ó mọ́lẹ̀... Wọ́n kọ lẹ́tà náà lójú ẹsẹ̀, pé mo mọ bí a ṣe ń tún ilé ṣe. Ilé wo? Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, ó ti fọ́ eyín méjì lẹ́nu ìyàwó ẹ̀. Ẹ má bínú, mi ò lè pè é ní "wọ́n" mọ́.

Ọ̀gá wa bi mí bí ọkọ ṣe gbọ́. Mo ní Yorùbá ni mí, nígbà tó ní "I hold your foot", mo rò pé ńṣe ló ní kí n lọ bá òun di ẹsẹ̀ ọkọ òun mú, kí n bẹ̀ ẹ́. Ó gbà mí gbọ́! Irọ́ ni. Ó yé mi yékéyéké.

Obìnrin náà ti kó lọ sọ́dọ̀ ìyá ẹ̀ báyìí, ó fẹ́ pe ọkọ lẹ́jọ́, ó ní kí n wá jẹ́rìí ohun tí mo rí. Èmi! Ọ̀gá wa ti sọ fún un pé èdè ló fà á, ó sì gbà. Tí mo bá lọ, Daddy á sọ bí mo ṣe wá kúnlẹ̀, iṣẹ́ lọ, ilé ìwé lọ nìyẹn. Tí mi ò bá lọ, kò sí ẹlòmíì tó rí ẹ̀yìn ẹ̀. Friday sì ni ilé ìwé máa gba fọ́ọ̀mù master's mọ.

Àwọn kan á ní kí n lọ kẹ́kọ̀ọ́ kí n má baà ṣe é mọ́. Ẹ̀kọ́ wo? Ṣé yunifásítì ló máa kọ́ mi pé kí n má ta èèyàn? Mo ṣì ń kọ fọ́ọ̀mù náà o, ẹ wo àìnítìjú... Wọ́n ní kí n ṣàlàyé ìdí tí èèyàn fi lè finú hàn mí. Mo ti kọ àlàyé yẹn tán, ó sì dùn ún kà. Ẹ̀yin èèyàn mi, ṣé kí n fi fọ́ọ̀mù náà ránṣẹ́ ni, àbí kí n lọ jẹ́rìí?