Ọjọ́ Tí Wọ́n Tún Àsìkò Ọkọ̀ Ṣàíbù Ṣe

Ilé Bàbá Rẹ,
Egan, lẹ́bàá Igando.
Oṣù Kẹwàá, 1986.

Wòsílátù ọmọ mi,

Ṣé dáadáa ni o wà ní Yábàá? Ṣé ara le? Ṣé ọ̀gá yín níbi iṣẹ́ kò bínú mọ́? Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí o rí ìbínú ọ̀gá. Àwa náà wà, àfi eku tó wọ inú àpò gààrí, a sì ti pa á. Èmi ni mo fọwọ́ ara mi kọ lẹ́tà yìí o, nítorí olùkọ́ wa ní ilé ẹ̀kọ́ àgbà ní kí a máa kọ ohun tí ojú wa bá rí, ojú mi sì rí nǹkan ní Ọjọ́bọ̀ tó kọjá.

O mọ̀ pé bàbá rẹ ta Dátsùn akẹ́rù rẹ̀ fún Ṣàíbù àbúrò rẹ̀, ọkọ mi kékeré, kí ó lè máa fi kó ọ̀pẹ̀ òyìnbó lọ sí Shasha. Kò pẹ́ tí ọkọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàárẹ̀. Bó bá fẹ́ gun òkè, ogun ni, gbogbo ara rẹ̀ á gbóná, ìdí rẹ̀ á máa yìnbọn. Ṣàíbù ní òkú ọkọ̀ ni ẹ̀gbọ́n òun tà fún òun. Bàbá rẹ ní ojú gbogbo ayé ni ọkọ̀ ti ń sáré tó fi kúrò lọ́wọ́ òun. Láti ìgbà náà, oṣù mẹ́jọ gbáko, wọn kì í kí ara wọn. Bàbá rẹ tiẹ̀ búra pé òun kò ní tẹsẹ̀ bọ ibi yìgì Nímọ́tà, ọmọ Ṣàíbù, bẹ́ẹ̀ òun ni àgbà ilé tó yẹ kó fa ọmọ náà fún ọkọ. Ó dùn mí dé egungun.

Ní Ọjọ́bọ̀ ṣá, omi òjò gba ọ̀nà ẹ̀yìn tí Ṣàíbù máa ń gbà kó má baà rí wa, ló bá gba ọ̀dọ̀ wa kọjá pẹ̀lú ẹrù ọ̀pẹ̀ òyìnbó. Iwájú ilé wa gẹ́lẹ́ ni ọkọ̀ náà ti yìnbọn lẹ́ẹ̀kan, tó kú. Bàbá rẹ bọ́ sí ẹ̀yìnkùlé, ó ní òun fẹ́ wo adìẹ.

Wọ́n lọ pe Zacchaeus, mẹkáníìkì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé sí ọ̀nà Igando. Ó ṣí iwájú ọkọ̀, ó wò ó títí, ó ní àsìkò ọkọ̀ ló ti lọ sẹ́yìn, iná ń pẹ́ kó tó dé ọ̀dọ̀ epo. Mo ní ìyẹn kò le jàre, mo gbé aago ara ògiri wá fún un. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ó gbé e sórí ìjókòó ọkọ̀. Ó nu púlọ́ọ̀gì, ó fi ẹfun sàmì sí ara wíìlì kékeré tó ń yí níwájú ẹ́ńjìnnì, ó ní kí Ṣàíbù sitáàtì ọkọ̀. Ọkọ̀ jí, ó ń wúkọ́. Ó wá mú nǹkan kan jáde bí ìbọn tó ní dígí lẹ́nu, ó fi wáyà so ó mọ́ bátìrì, ó tẹ̀ ẹ́, ìmọ́lẹ̀ sì ń kọ mànà, mànà, mànà!

Wòsílátù, èmi mọ ẹ̀rọ fọ́tò tí mo bá rí i. Mo sáré wọlé lọ wé gèlè, mo gba ẹ̀yìnkùlé, mo sọ fún bàbá rẹ pé wọ́n ń ya ọkọ̀ ní fọ́tò pẹ̀lú Ṣàíbù nìkan. Ó ní irọ́ ni, ó ní ta ló kọ́kọ́ ni ọkọ̀ náà? Ó gbé agbádá ọdún wọ̀, ó lọ dúró sí ẹ̀gbẹ́ ẹ́ńjìnnì. Ṣàíbù náà kò fẹ́ kí fọ́tò fi òun sílẹ̀, ó sọ̀kalẹ̀ wá dúró tì í. Zacchaeus ké pé kí wọ́n súnmọ́ ara wọn, kí wọ́n kó agbádá mọ́ra kí fáànù má baà fà á, kí wọ́n má sì mira. Bí fọtógíráfà ṣe máa ń wí náà nìyẹn. Wọ́n dúró gbọingbọin, èjìká kan èjìká. Èmi rọra rẹ́rìn-ín músẹ́ láti ẹ̀yìn wọn.

Zacchaeus wá tú nọ́ọ̀tì kan, ó rọra yí nǹkan kan bí ìkòkò kékeré tó hu wáyà lórí bí irun. Díẹ̀ ló yí i, ó tún yí i díẹ̀. Mo fojú ara mi rí i: wíìlì ń sáré, ṣùgbọ́n nínú ìmọ́lẹ̀ yẹn ńṣe ni àmì ẹfun dúró jẹ́ẹ́, ó ń sún bíńtín bíńtín títí ó fi ko irin kan lójú. Ìgbà náà ni ikọ́ ọkọ̀ dá. Ó ń dún bí ẹ̀rọ ìránṣọ.

Zacchaeus ní ẹni tó pààrọ̀ kọ́ńtáàtì, irin kékeré inú ìkòkò yẹn, ni kò dè é pa dà bó ṣe yẹ. Ṣàíbù kò lè gbójú sókè, nítorí lẹ́yìn tó ra ọkọ̀ tán lòun fúnra rẹ̀ gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni yẹn. Ó dọ̀bálẹ̀ sínú ẹrẹ̀, ó ní kí ẹ̀gbọ́n òun foríjì òun, ẹnu òun ló gbé òun débẹ̀. Bàbá rẹ ní kó dìde kó má ba fọ́tò jẹ́. Lẹ́yìn náà ló gbá a mọ́ra, mo sì rí i tó fi etí agbádá nu ojú. Àwọn méjèèjì wọ ọkọ̀, wọ́n gbé e gun òkè, wọ́n pa dà, wọ́n tún gùn ún, kò sì sẹ́ni tó rán wọn níṣẹ́.

Mo bi Zacchaeus pé ìgbà wo ni fọ́tò máa jáde. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀, ó ní kò sí fíìmù nínú rẹ̀, iná tí àwọn mẹkáníìkì fi ń wo àsìkò ọkọ̀ ni. Mo ní kó lọ ra fíìmù, kó tún pa dà wá, torí mo dijú nígbà àkọ́kọ́.

Yìgì Nímọ́tà ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, bàbá rẹ ló máa fa ọmọ fún ọkọ. Jọ̀ọ́, bá wa wá owó ìrẹsì àti ti bàtà bàbá rẹ. Má fi ìwé bánkì ránṣẹ́ bíi tìjọ́sí o. Mo mú un lọ bá ìyá oníbàtà, ó ní òun kò ta bàtà fún ìwé. Owó gidi ni kí o fi lé ẹni tó ń bọ̀ lọ́wọ́.

Ọlọ́run á ṣí ọ̀nà rẹ, á fi ọkọ rere pàdé rẹ, o kò ní ṣiṣẹ́ fún ẹlòmíì jẹ. Bàbá rẹ ní kí n kí ọ. Ṣàíbù náà ní kí n kí ọ. Inú yàrá kan náà ni wọ́n wà tí wọ́n ti ń sọ ọ́, wọ́n sì ń jẹun nínú abọ́ kan.

Èmi ni ìyá rẹ,
Mọ̀dínátù.