Kúnú Sàráà Yín

Màámi àtàtà,

Ẹ ò ní gbà gbọ́ pé èmi ọmọ yín da kúnú nù nínú ààwẹ̀. Odindi ìkòkò o! Ẹ fara balẹ̀ ná, ẹ jẹ́ kí n rojọ́.

Lánàá ni mo ṣe sàráà yín. Kúnú tí ẹ máa ń tà ní Ajah ni mo ṣe, kí àwọn dẹ́rẹ́bà àti káfíńtà tó ń kírun ní mọ́ṣáláṣí ẹ̀gbẹ́ ilé wa lè fi ṣínu, kí wọ́n sì ṣàdúrà fún yín. Mo fi omi híhó se ìdajì ọkà bàbà tí mo lọ̀. Nígbà tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, mo po ìdajì tí kò jiná mọ́ ọn, nítorí ìyẹn ló ń fún un ládùn. Lójú yín, ẹni tó bá se gbogbo rẹ̀, ẹ̀kọ mímu ló ń sè.

Àfi bí Ràṣídátù àbúrò mi ṣe dé láti ibi iṣẹ́ rẹ̀ ní Lẹ́kkí Phase 1, tòun ti ẹ̀rọ kan tí kò tóbi ju rédíò yín lọ. Òun ni wọ́n fi ń yẹ oúnjẹ wò níléeṣẹ́ wọn. Ó ń wá DNA kòkòrò àìfojúrí tó ń fa àìsàn. Mo bú sẹ́rìn-ín. DNA tí wọ́n fi ń wá bàbá ọmọ, kí ló kàn án pẹ̀lú kúnú? Ṣùgbọ́n ẹ mọ oríkunkun ọmọ yín. Ó bu díẹ̀ nínú kúnú, ó bu nínú ọkà tútù tó ṣẹ́ kù sínú abọ́, ó kì wọ́n bọ inú ẹ̀rọ.

A wá ń dúró. Oòrùn ń wọ̀, àwọn èèyàn ti ń tẹ́ ẹní, wọ́n ń wo ẹnu ọ̀nà wa. Mi ò lè jókòó. Mo ń nu kọ́ọ̀bù tó ti gbẹ. Ẹ̀rù ń bà mí, mi ò sì fẹ́ kí Ràṣídátù mọ̀.

Nígbà tí èsì jáde lórí fóònù Ràṣídátù, ó yí i sí mi. Kòkòrò tó ń fa ìgbẹ́ gbuuru wà nínú méjèèjì.

Inú bí mi! Bíi kí n gbá ẹ̀rọ náà mọ́lẹ̀. Kúnú ìyá mi kẹ̀? Ẹ̀yin tí ẹ máa ń fọ abọ́ títí yóò fi máa dún? Ṣùgbọ́n ta ni mo fẹ́ gbé e fún, lórí ikùn òfìfo? Bí ládàánì ṣe ń húkọ́ sínú ẹ̀rọ gbohùngbohùn, bẹ́ẹ̀ ni mo ń da sàráà yín sí gọ́tà. Dàbínù àti omi inú ọ̀rá ni wọ́n fi ṣínu. Wọ́n ṣàdúrà fún yín náà, Ọlọ́run á gbà á.

Màámi, ohun tí mi ò lè bá Ràṣídátù sọ rèé. Ìgbẹ́ gbuuru ló gbé yín lọ. Dókítà ò mọ ohun tó fà á, a sì gbà pé àmúwá Ọlọ́run ni. Bẹ́ẹ̀, kò sí kúnú tí ẹ gbé jáde rí tí ẹ ò kọ́kọ́ mu kọ́ọ̀bù kan níbẹ̀, kí ọkàn oníbàárà lè balẹ̀.

Ṣé òun ni, Màámi?

Ọmọ yín tó fẹ́ràn yín, tí yóò ṣì máa bi yín.